Àpótí ìmọ̀: Ta ló láṣẹ lórí abẹ́rẹ́ ọmọ?
Ìyá tó gbé ọmọ jòjòló lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Sùúrùlérè lè rò pé ìfẹ́ inú òun lásán ni. Òfin sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 13 Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 pa á láṣẹ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Òbí tó kọ̀ lè san owó ìtanràn tí kò ju ₦5,000 lọ (ta ni ìyẹn ń dẹ́rù bà lónìí?), bó bá tún un ṣe, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan.

Abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 2023 fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, kò sí lábẹ́ abala yìí. Ibẹ̀ ni iyàn lórí àṣẹ òbí ti ń gbóná.

Àṣẹ òbí náà ní ààlà. Ní 1997, ìyá kan l'Ékòó kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ tuntun lára nítorí ẹ̀sìn. Ilé ẹjọ́ májísíréètì pàṣẹ pé kí wọ́n fà á. Ní 2019, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fọwọ́ sí i: àgbàlagbà lè kọ ìtọ́jú fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ wu ẹ̀mí ọmọ léwu.