Apá Ọmọ àti Ẹsẹ̀ Adìyẹ

Ọmọ kíláàsì mi kan já láti orí igi máńgòrò, apá rẹ̀ sì kán. Nígbà tó padà sílé ìwé, ọparun wẹ́wẹ́ àti aṣọ ni wọ́n fi di apá náà. Ó ní lọ́jọ́ tí bàbá tó ń to eegun ládùúgbò wọn to tòun, wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ kan pẹ̀lú; ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni wọn yóò tú apá òun. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló pa apá mi àti ẹsẹ̀ adìyẹ pọ̀?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. N ò fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Eegun ló ń so ara rẹ̀. Dókítà kì í so ó, bàbá náà kì í so ó. Kí wọ́n tò ó kó gún, kí wọ́n dì í kó má baà máa mì, iṣẹ́ tiwọn nìyẹn.

Gbàrà tí eegun bá kán, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á já, ẹ̀jẹ̀ á ya, á sì dì síbẹ̀. Ojú ibẹ̀ á wú, á gbóná, á máa ro ni. Àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ bíi méjì sí mẹ́ta, eegun rírọ̀ á rọ́pò ẹ̀jẹ̀ dídì náà. Ṣé ẹ mọ nǹkan funfun tó máa ń ró lẹ́nu bí ẹ bá ń jẹ orí itan adìyẹ? Irú rẹ̀ ni. Ó di ibi tó kán mú, àmọ́ kò tíì lè gbé ẹrù. Díẹ̀díẹ̀ ni kálísíọ́mù ń wọ̀ ọ́ lára tó fi ń le, ẹ sì lè fọwọ́ bá kókó níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á máa gbẹ́ kókó yẹn bí agbẹ́gilére, àwọn mìíràn á máa mọ tuntun síbi tí ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́ jù. Èyí lè gba oṣù, ó lè gba ọdún. Awọ tó ya jinlẹ̀ á fi àpá sílẹ̀. Eegun ní tirẹ̀, eegun gidi ló ń padà dà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Gavriil Ilizarov, dókítà ìlú Kurgan ní Siberia. Ní àwọn ọdún 1950 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka irin àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ di eegun mú. Ó rí i pé bí òun bá gé eegun, tí òun ń fà á jìnnà síra ní mìlímítà 1 lóòjọ́, eegun tuntun á máa hù sí àlàfo náà. Ẹ mú rúlà, ẹ wo bí mìlímítà kan ṣe mọ! Bó bá yá jù, àlàfo lè ṣófo. Bó bá falẹ̀ jù, á so kí eegun náà tó gùn tó bí wọ́n ṣe fẹ́.

Adìyẹ wa ńkọ́? Ọ̀nà kan náà ni eegun rẹ̀ ń gbà so, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yá ju tènìyàn lọ. Apá ọmọdé lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ojúgun àgbàlagbà lè gba oṣù mẹ́rin. Adìyẹ lè ti máa sáré kiri nígbà tí eegun ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ ṣẹ́ ẹ ṣì rọ̀.

Kí ọmọ náà tó jókòó, mo tẹ èékánná rẹ̀. Ó funfun, ó sì tún pọ́n kíá: ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀. Ìdè tó bá fún jù lè dí ẹ̀jẹ̀, kó sì pa ọwọ́ náà. Bí ìka ọmọ yín bá tutù, tó kú tìpìrì, tàbí tó ń dúdú, ẹ tú ìdè náà, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí egbò bá wà lójú ibi tó kán, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ.