Bí A Ṣe Lè Ka Téṣàn Rélùwéè Àtijọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin ni ó kọ́kọ́ gbé wa wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí. A sọ àpótí páànù wa kalẹ̀ ní téṣàn, a sì ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà títí ó fi wọ inú igbó lọ. Lónìí, bí a bá mú àwọn ọmọ wa dé irú téṣàn bẹ́ẹ̀, ilé tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò ni wọn yóò rí, àti irin tí koríko ti bò mọ́lẹ̀. Wọn a sì béèrè pé, kí ni wọ́n ń fi ibí yìí ṣe? Ìbéèrè náà yẹ fún ìdáhùn gidi, nítorí téṣàn àtijọ́ ṣeé kà bí ìwé, bí a bá ti mọ lẹ́tà rẹ̀.

Ìddó ní Èkó ni ojú irin ti ìhà tiwa ti bẹ̀rẹ̀, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Gómìnà William MacGregor ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Níbẹ̀ ni odò Ọya ti dá a dúró. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ọkọ̀ ojú irin kọjá títí a fi parí afárá ní 1916.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹ fi okùn wọn àlàfo tí ó wà láàrin irin méjèèjì: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni. Ìṣọ́wóná ni ó fa ìwọ̀n yìí. Ojú irin tóóró lè yí òkè ká, kò pọn dandan kí a la òkè náà já. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ṣọ́ owó lọ́jọ́ náà wà lára ohun tí ó pa á lẹ́yìn náà. Ọ̀nà tí ó ń yí kiri kò jẹ́ kí ọkọ̀ sáré, nígbà tí ọ̀dà sì dé ojú títì, lọ́rì a máa lọ gbé kòkó ní ẹnu ilé àgbẹ̀.

Ẹ wò ó síwájú sí i: bí irin náà bá ti súnmọ́ téṣàn, á pín sí méjì, á sì tún padà di ọ̀kan. Ojú irin kan ṣoṣo ni a ní, ọkọ̀ tí ń lọ àti ọkọ̀ tí ń bọ̀ kò sì lè kọjá lára ara wọn lórí rẹ̀. Ọ̀kan ní láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dúró. Ìdí nìyẹn tí a fi rí téṣàn ní abúlé tí kò ju ahéré díẹ̀ lọ. Ọ̀gá téṣàn kì í ṣe olùta tíkẹ́ẹ̀tì lásán. Láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, dírébà kò gbọdọ̀ ṣí. Bí ẹ bá rí àgbá omi ńlá lórí ẹsẹ̀ irin, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tí ń jo èédú ti ń mu omi. Ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì ga tó ilẹ̀ ọkọ̀, ilé ẹrù ni. Kòkó àti ekuro ni ó kún inú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ìlú fúnra rẹ̀ ni ojú ìwé tí ó kún jù. Ní Ìbàdàn, ìwọ̀-oòrùn ìlú àtijọ́ ni wọ́n kọ́ téṣàn sí. Àwọn oníṣòwò tẹ̀ lé e, Dùgbẹ̀ àti Gbági sì di ibi ọrọ̀. Òṣogbo gbilẹ̀ bákan náà. Iléṣà tí ojú irin kò yà sí, Òṣogbo ni ó wá di ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí rélùwéè. Àwa kò tíì gbọ́ àlàyé mìíràn tí ó dára jù èyí lọ lórí ìdí tí ìlú kan fi ga ju èkejì lọ! Ní ìdà kejì, ẹ̀ka kan wà tí ó yà láti Ifọ̀ gba Ìlaròó dé Ìdógò. Ọkọ̀ kò rin ibẹ̀ mọ́.

Ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn ṣí ní 2021, inú wa sì dùn sí i. Irin tirẹ̀ fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ọ̀nà rẹ̀ sì tọ́. Nítorí náà téṣàn rẹ̀ ní Ìbàdàn kò sí ní Dùgbẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ní Mọ́níyà. Ti Abẹ́òkúta sì fi Láfẹ́nwá sílẹ̀. Ohun tí ń bà wá lẹ́rù ni kí a máa wí pé níwọ̀n ìgbà tí tuntun ti dé, àjákù irin ni ti àtijọ́, kí a hú u tà fún àwọn tí ń fi òṣùwọ̀n ra irin.

Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ilé kan wà nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta, tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí a ń pè ní Jaekel House. Ẹgbẹ́ Legacy tún un ṣe, wọ́n sì kó àwòrán àtijọ́ sínú rẹ̀, kí àlejò lè wò ó. Ilé kan péré ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ṣì ní tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, tàbí àwòrán tí a yà ní téṣàn nígbà tí a ń lọ fún ìsinmi, kí ó kọ ọdún, orúkọ téṣàn àti orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí ó sì mú un wá fún ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ọjọ́ àjọ̀dún yìí.