Ṣé ká lúwẹ̀ẹ́ kọjá Nangbéto láti fi dá owó?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ Glei ní Togo ni mí, Lomé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́fà fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ kọjá adágún Nangbéto: bí ọ̀kan bá wẹ̀ títí, òmíràn á gbà á. A fẹ́ kí ará ilé àti ará òkè òkun tìtorí rẹ̀ dáwó, ká fi ra ibùsùn sí ilé ìgbẹ̀bí nílé. Òmùwẹ̀ ni márùn-ún nínú wa. Ẹnì kẹfà ló mọ owó tọrọ jù, àmọ́ kò lè wẹ̀ jìnnà. Ṣé ó ṣeé ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú àníyàn ilé. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kì í ṣe ní Nangbéto.

Láti 1987 tí wọ́n ti parí ìsédò náà ni odò Mono ti tẹ́ rẹrẹ síbẹ̀, kò sì jìnnà sí ilé yín. Ṣùgbọ́n erinmi ń gbé inú Mono. Koríko ló ń jẹ o, síbẹ̀ ó ń dojú ọkọ̀ dé, pàápàá tó bá ní ọmọ lẹ́yìn. Apẹja tó rí i á yà fún un. Ẹni tó dorí kodò sínú omi kò ní rí i. Aràn tí ń múni tọ ẹ̀jẹ̀ tún wà. Ara ìṣáwùrú inú omi tó dákẹ́ ló ti ń jáde, ó ń gba awọ ara wọlé láìsí ọgbẹ́, oṣù kan tàbí méjì sì lè kọjá kí ẹni náà tó fura. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, àmọ́ owó ibùsùn kọ́ ló yẹ kí ẹ fi rà á. Ẹ má sì ní ẹ ó lọ sí òkun Lomé. Ẹ̀yin náà mọ bí omi ibẹ̀ ṣe ń fa èèyàn lọ.

Adágún Togo ni mo fara mọ́, láti Agbodrafo sí Togoville. Kò jìn, ọkọ̀ ń ná an lójoojúmọ́, àwọn apẹja ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Tó bá kúrú jù lójú yín, ẹ lọ, ẹ bọ̀, kí ẹ tún lọ. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ nípa aràn yẹn, kí ẹ sì yẹ ìtọ̀ wò lẹ́yìn oṣù méjì.

Ní ti bí ẹ ó ṣe máa gbà á lọ́wọ́ ara yín, ní Channel, láàárín Íńgílàńdì àti Faransé, òfin irú ìlúwẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀ le: èèyàn mẹ́fà, wákàtí kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá ṣe tò bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á ṣe tò parí. Bí ẹnì kan bá kọ̀ tí kò wọ omi nígbà tó kàn án, ti gbogbo wọn bàjẹ́ nìyẹn, ìbáà ṣe pé wọ́n ti ń rí èbúté. Ẹni tó bá ti bá wọn ṣe àáró rí mọ̀ ọ́n: lọ́jọ́ tó bá kan oko ẹlòmíràn, a kì í ní ẹ̀yìn ń dunni.

Inú ọkọ̀ ló ti ń bàjẹ́ jù. O ti wẹ̀ tìrẹ tán, o jókòó, aṣọ lẹ̀ mọ́ ọ lára, èéfín ẹ́ńjìnnì ń kọ lu imú, èébì ń gbé ọ, èjìká ti ń le, wọ́n sì ní ó tún kàn ọ́. Ìyẹn gan-an ni kí ẹ fi dánra wò. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yin òmùwẹ̀ márùn-ún wẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kó jókòó sínú ọkọ̀ fún ọgọ́rin ìṣẹ́jú, kó tún wọ omi. Omi tí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà sí ni kí ẹ máa mu; oòrùn á gbẹ yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ẹnì kẹfà yín, ọkọ̀ ni ipò tirẹ̀. Òun ni kó mú aago àti fèrè, kó máa ka orí. Nígbà tí Yvette Tetteh lúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 450 lórí odò Volta ní Gánà ní 2023, láti pariwo aṣọ òkìrìkà tó ń ba omi jẹ́, òun nìkan ló wà nínú omi, àmọ́ ọkọ̀ àti èèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 2024 ni Akinrodoluu Samuel lúwẹ̀ẹ́ gígùn Afárá Third Mainland l'Ékòó, kìlómítà 11.8, nítorí àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Àwọn méjèèjì lè fi gbólóhùn kan sọ ìdí tí wọ́n fi wọmi. Ẹ̀yin náà, ẹ wá tiyín.

Ẹ bi agbẹ̀bí yín ná, bóyá àtùpà tàbí táńkì omi ló ń wá, tí kì í ṣe ibùsùn. Owó ọkọ̀ àti epo, ẹ dá a láàárín ara yín. Èyí tí èèyàn bá fi Flooz orí fóònù ránṣẹ́ fún ilé ìgbẹ̀bí, kí CVD Glei, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú yín, gbà á, kí wọ́n sì kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé.

Ẹ kọ̀wé sí àwọn panápaná àti olórí ìlú Togoville kí ẹ tó dá ọjọ́, kí ó má bọ́ sí àsìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ru omi. Ẹ̀yin ọmọ Glei tó bá ka èyí, tí ẹ ní ẹ̀wù tí ń gbéni léfòó nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá wọn.