Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ, ọṣẹ ló ń dà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun sin Ọlọ́run, kó sì ṣe ọmọnìkejì lóore, kí onítọ̀hún jẹ́ kí ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun nígbà tí òun bá ń ṣe é. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe é sódì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá ti lọ kọ́ orin. Lọ́jọ́rú, ẹ̀kọ́ Bíbélì. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru. Bàbá ní ìpàdé tirẹ̀. Ta ló wà nílé? Ọmọ, àti fóònù, àti índómì tó ti tutù.

Ẹni tó bá gba iwájú CMS Grammar School kọjá ní Bàrígà, kó rántí ìdílé kan. Thomas Babington Macaulay ló dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1859 pẹ̀lú ọmọ 6 péré. Ọdún 1959 ni wọ́n kó o wá sí Bàrígà. Abigail ìyàwó Macaulay, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni. Crowther àti Asano ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú kí wọ́n tó fẹ́ra wọn ní Sàró. Dandeson ọmọ wọn bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìwàásù lẹ́bàá Odò Ọya. Nígbà tí bàbá sì kú ní 1891, kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ewé ti di ọṣẹ.

Herbert, ọmọ Abigail, tí wọ́n bí ní 1864, ọdún tí bàbá àgbà rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù, kò wọ aṣọ àlùfáà ní tirẹ̀. Ọ̀nà tí òun gbà ṣe ọmọnìkejì lóore ni ẹjọ́ ilẹ̀ Olóyè Olúwa ti Èkó, tó bá a jà títí wọ́n fi borí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1921. Mo fẹ́ kí àwọn òbí tó ń fipá mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ro èyí dáadáa.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ibo la ti ń kọ́ ọ? Nídìí iṣẹ́ wa ni. Ní Ṣómólú tó kún fún àwọn atẹ̀wé, jẹ́ kí ọmọ rẹ bá ọ ká ìwé ètò ìkórè lọ́jọ́ Sátidé. Oníbàárà ti sanwó pépà tó nípọn. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà ò sì ní mọ̀. Ọmọ ń wo ọwọ́ rẹ. Pépà tó o bá gbé sórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà ni ìwàásù tí kò ní gbàgbé.

Àdúrà ìdílé ńkọ́? Kó má gùn. Ọmọ tó ń tòògbé láago márùn-ún àárọ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Kó má sì pariwo: ilé tí yàrá kọjú sí yàrá là ń gbé, aláboyún lè máa sùn ní yàrá kejì, Àlájì tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ní àdúrà tirẹ̀. Bí ìyá àgbà kan bá ń ṣàìsàn nínú ilé, ọmọ ni kó gbé àwo ọbẹ̀ lọ, kó kúnlẹ̀ kí i, kó bá a pọn omi, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí.

Tọkọtaya tó bá ń jà, kí wọ́n parí rẹ̀ nílé kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé. Àwọn ọmọ mọ̀ bí ẹ̀rín ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bá jẹ́ ti ojú ayé.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ilé, kí ẹ sì sọ fún pásítọ̀. Bó bá bínú, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù rán an létí ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótì nípa alábòójútó ìjọ tí kò lè ṣàkóso ilé ara rẹ̀.