Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run: Ẹ̀kọ́ Lórí Ara Sísanra Jù, Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Àtọ̀gbẹ

Kí a tó jókòó ti àwo ìrẹsì àjọ̀dún, ẹ jẹ́ kí a jọ kọ́ ẹ̀kọ́ kan tó kan olúkúlùkù wa, láti orí àgbà ìjọ títí dé orí ọmọ ẹgbẹ́ akọrin.

Àwọn bàbá wa ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Òótọ́ ni. Àwọn kan náà ló tún ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta ko ara wọn. Oúnjẹ tó ń mú àwọ̀ dán náà ni, bí ó bá pọ̀ jù tí ara kò sì ṣiṣẹ́ tó, tó ń di ọ̀rá sínú ikùn. Bí a bá sì rí ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, a máa ń kí i pé, "Ẹ ti ń jayé o! Owó ti dé!" Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí ni pé ọ̀rá inú ikùn kì í ṣe àmì ìbùkún. Ìlẹ̀kùn ni fún àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, a sì lè tì í kí àìsàn tó wọlé.

ÀÌSÀN ÀNÁ ÀTI TI ÒNÍ

Ní 1918, nígbà tí àrùn lùkúlùkú ń jà káàkiri ayé, ni ẹgbẹ́ aládùúrà kan bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan nínú orísun àwọn ìjọ Aládùúrà lónìí. Àrùn yẹn ń ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Èyí tí à ń wí yìí kì í ràn. Kò ní ibà, kò ní ìrora. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà; ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ara kí onítọ̀hún tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá dá ẹnìkan wólẹ̀ lójijì, ẹjọ́ ará ilé àti ará iṣẹ́ ni a máa ń kọ́kọ́ rò. Ṣé a ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ rí?

Agége àná kọ́ ni Agége òní. Nígbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, oko kòkó àti oko obì ló pọ̀ níhìn-ín. Jacob Kehinde Coker ní oko ńlá ní Ìfàkọ̀. Lébìrà oko a máa rìn láti ìdí igi dé ìdí igi, á ro, á gbẹ́rù. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wọ fáktírì. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń gbé ẹrù, àwa ń jókòó tì í. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú láti Pen Cinema, kòròpé tàbí kẹ̀kẹ́ Màrúwá la fi ń lọ ọ́.

Ẹ wo búrẹ́dì tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa. Ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èkó ní 1913, wà lára àwọn tó sọ búrẹ́dì di ọjà ńlá nílẹ̀ wa. A kò bá búrẹ́dì Agége jà o. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun funfun ni, wọ́n ti bó èèpo àlìkámà kúrò, kíá ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá fi ìdajì lófù kan jẹ ẹ̀wà àgányìn tí epo léfòó lórí rẹ̀, tí a fi ìgò mínírà kan lé e, tí a sì jókòó di alẹ́, níbo ni agbára yẹn fẹ́ gbà jáde? Ọ̀rá ni yóò dà.

ṢÉ ÌRAN WA LÓ NI Í?

Ẹnìkan lè wí pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà nínú ìran aláwọ̀ dúdú. Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní 1997, àwọn onímọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Osotimehin ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lára ènìyàn bí ẹgbàárùn-ún (10,000) tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ní Jàmáíkà, St. Lucia àti Barbados, àti ní ẹ̀gbẹ́ Chicago ní Amẹ́ríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, 16 ló ní i ní Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù Karíbíà, 33 ní Amẹ́ríkà. Orísun kan náà! Kí ló wá yàtọ̀? Bí ara ṣe ń sanra sí i, tí iyọ̀ sì ń pọ̀ sí i nínú oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń pọ̀ sí i láti ibì kan dé èkejì. Láti ìgbà náà, àwa tí a wà nílé náà ti ń jẹ bí ará òkè òkun, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti pọ̀ sí i láàárín wa.

BÍ Ọ̀RÁ ṢE Ń DI ÀÌSÀN

Ẹ fojú inú wo géètì fáktírì ní Ìkẹjà láàárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń dé, máígáàdì ń ṣí géètì, wọ́n ń wọlé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni òṣìṣẹ́. Máígáàdì ni ínsúlínì, omi tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, tó ń jẹ́ kí ṣúgà wọ inú ẹran ara lọ di agbára. Bí ọ̀rá bá kún inú ikùn, tó wọ inú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara, géètì náà a máa le. Máígáàdì kan kò lè ṣí i mọ́. Ara á pe èkejì, á pe ẹ̀kẹta. Nígbà tó bá yá, á rẹ gbogbo wọn. Ṣúgà á wá tò sójú títì bí ọkọ̀ ṣe ń tò lọ́jọ́ òjò. Àtọ̀gbẹ dé nìyẹn.

Ṣúgà tó kún inú ẹ̀jẹ̀ á máa ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́. Ọ̀rá kan náà á máa mú ẹ̀jẹ̀ ru, á sì máa lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí iṣan bá dí nínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni. Bí ó bá dí nínú ọkàn, ikú òjijì lè dé. Ọ̀pọ̀ àìsàn, gbòǹgbò kan.

Ẹ má ṣe fi ẹni tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìdílé tí a ti wá, ọjọ́ orí, àìsùn tó àti iṣẹ́ òru fáktírì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó tínínrín náà lè ní àtọ̀gbẹ. Ibi tí a ti ń wo olókùnrùn la ti ń wo ara ẹni.

Ẹ WỌN ARA YÍN

Lọ́nà kìíní, ẹ wá okùn. Ẹ fi wọn gíga yín láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, ẹ gé e, ẹ ká a sí méjì dọ́gba. Ẹ fi ìdajì yẹn yí ikùn ká lókè ìbàdí, láìfa ikùn wọlé. Bí ẹnu okùn bá kanra, ó dára. Bí kò bá kàn, ọ̀rá inú ti pọ̀ jù. (Aboyún kò sí nínú èyí.)

Lọ́nà kejì, ìwọ̀n ara. Ẹni tó ga ní mítà 1.60, bí ó bá ti kọjá kílò 64, ó ti ń wúwo jù. Bí ó bá tó 77, ó ti di ewu.

Lọ́nà kẹta, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Bí ó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ṣúgà tí a yẹ̀ wò láàárọ̀ kí a tó jẹun kò yẹ kó tó 100; bí ó bá tó 126 lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ni.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ènìyàn tó lé ní 3,000 jọ, àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Wọ́n ní kí apá kan dín ìwọ̀n ara kù ní ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín wọn sí ti àwọn tí kò gba ìrànlọ́wọ́ yìí. Ẹni tó wọn kílò 90, kílò mẹ́fà péré àti díẹ̀ ló máa dín kù! Nítorí náà:

1. Ẹ dín òkèlè kù, ẹ fi ẹ̀fọ́ kún un. Ẹ̀wà, ewédú, ilá àti ìrẹsì ọ̀fadà kì í ṣe oúnjẹ tálákà.
2. Ẹ jẹ́ kí omi rọ́pò mínírà. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti fi owó orí náírà 10 lé lítà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìnáwó 2021.
3. Iyọ̀ ọjọ́ kan kò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, ti inú búrẹ́dì àti magí sì wà nínú rẹ̀.
4. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tiyín.

ÀWẸ̀, ÀDÚRÀ ÀTI OÒGÙN

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá jù. Àwa tí a ń gbààwẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ lè dákú bí ṣúgà rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù. Kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó wọ àwẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń yan àwẹ̀ fún ènìyàn, ẹ máa bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Ṣé o ń lo oògùn?" Ìbéèrè yẹn lè gba ẹ̀mí là.

Bákan náà, bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wálẹ̀, oògùn ló mú un wálẹ̀. Ẹni tó bá dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ara yá, ó ń pe àìsàn padà. Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni. Àdúrà kò lé oníṣègùn jáde nílé. Bí ẹnu ẹnìkan bá sì wọ́ lójijì, tí apá kan kú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí a máa gbàdúrà lọ nínú ọkọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni okùn sọ fún ọ nípa ikùn rẹ?
2. Ìgbà wo lo yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ wò gbẹ̀yìn?
3. Kí ni ìjọ wa lè yí padà nínú oúnjẹ àjọ̀dún tó ń bọ̀?

Ara líle ni oògùn ọrọ̀. Ọdún á yabo fún wa, a ó sì fi ẹsẹ̀ ara wa rìn wá sí èyí tó ń bọ̀. Àmín.