Láptọ́ọ̀pù Tí Iná Lọ Mọ́ Lójú Nígbà Tí A Ń Sọ Ọ́ Dọ̀tun: Bí A Ṣe Lè Jí I Dìde

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń ka ìwé ọdọọdún yìí, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ ṣe lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ilé-kéwú ní agbègbè Ìkòtún, Ìgàndò àti Ẹ̀gbẹ́dá ni ó ti ń fi láptọ́ọ̀pù tẹ ìbéèrè ìdánwò, tí wọ́n sì ń fi pa máàkì àwọn ọmọ mọ́. Nítorí náà, bí láptọ́ọ̀pù bá kú lójijì, kì í ṣe ike àti irin lásán ni ó kú. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni ó wà nínú ewu. Àmọ́ ṣá, oríṣi ikú kan wà tí láptọ́ọ̀pù máa ń kú tí kì í ṣe ikú tòótọ́. Òun ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Kí ni à ń pè ní firmware? Nínú gbogbo láptọ́ọ̀pù, lórí bọ́ọ̀dù ńlá tí ó wà nísàlẹ̀ bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, ṣíìpù kékeré kan wà tí ó sábà máa ń ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Inú rẹ̀ ni a kọ àṣẹ àkọ́kọ́ sí. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì iná, kọ̀ǹpútà kò mọ ohunkóhun: kò mọ̀ pé òun ní ojú, kò mọ̀ pé òun ní dísíìkì, kò tilẹ̀ mọ Windows rí. Àṣẹ inú ṣíìpù yìí ni ó ń jí ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tó wá pe Windows síta. Orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí ni BIOS. Gary Kildall, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ lo orúkọ náà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ CP/M láàárín ọdún 1970 sí 1980, kọ̀ǹpútà IBM ti ọdún 1981 sì sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Èyí tí ó wà nínú láptọ́ọ̀pù òde òní ni UEFI, tí àwọn ilé-iṣẹ́ kóra jọ ṣe àkóso rẹ̀ láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n BIOS ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é, àwa náà yóò sì pè é bẹ́ẹ̀.

Láyé àtijọ́, ohun tí wọ́n bá kọ sínú ṣíìpù náà kò ṣe é pa rẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣe irú èyí tí a lè fi iná mànàmáná pa rẹ́ kí a sì tún un kọ. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ó ṣe kọ̀ǹpútà ti ń fi àkọsílẹ̀ tuntun ránṣẹ́ láti tún àṣìṣe ṣe, àti láti dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Oore ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ewu gbà wọlé.

Ẹni tí ó bá ti kọ wàláà rí yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ kéwú kì í kọ ẹ̀kọ́ tuntun lé orí ti àná. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ wàláà, kí ó sá a kí ó gbẹ, kí ó tó ti gègé bọ inú tàdáwà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ṣíìpù BIOS. Kò lè kọ tuntun lé orí ògbólógbòó. Abala kan ni yóò fọ̀, yóò kọ ọ́, yóò tún fọ òmíràn, títí yóò fi parí. Bí iná bá wá lọ lẹ́yìn tí ó ti fọ̀ ọ́ tán tí kò tíì kọ ọ́, wàláà òfìfo ni yóò kù. Igi wàláà kò fọ́, gègé kò ṣẹ́, tàdáwà kò tán. Ohun tí a máa kà ni kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ yóò fi tan iná kékeré rẹ̀, tí fáànù rẹ̀ yóò máa yí, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ yóò dúdú bí òru. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní bọ́ọ̀dù ti jóná. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò jóná rárá.

Ìyọnu yìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa nítorí pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí à ń rà. Bátìrì tòkunbọ̀ ti máa ń gbó kí ó tó dé Èkó; bí a bá yọ ṣájà, kò lè dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ tún wo èyí: Windows fúnra rẹ̀ a máa gbé firmware tuntun wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè fún un. Ọ̀kan nínú àwọn láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì ilé-ìwé wa ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a ṣe wálímọ̀, inú rẹ̀ sì ni máàkì àwọn ọmọ Ìdáádì àti Sánáwì wà, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí ṣáájú wọn. Láptọ́ọ̀pù náà pa ara rẹ̀, ó tún tan ara rẹ̀, ó kọ ọ́ sójú pé òun ń sọ firmware dọ̀tun, iná sì lọ. Ẹnjiníà kan wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní kí a lọ ra bọ́ọ̀dù mìíràn. Owó tí ó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ ra odidi tòkunbọ̀ mìíràn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olúkúlùkù mọ̀ ni pé máàkì àwọn ọmọ kò sí nínú ṣíìpù BIOS. Inú dísíìkì ni ó wà. Bí dísíìkì náà bá jẹ́ èyí tí a lè tú, kí a tú u, kí a fi sínú àpótí tí ń lo okùn USB, kí a sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Ohun tí àwa ṣe nìyẹn kí a tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, gbogbo àkọsílẹ̀ sì pé. Bí ó bá jẹ́ pé BitLocker ti ti dísíìkì náà pa, kọ̀ǹpútà kejì yóò béèrè kọ́kọ́rọ́ tí ó jẹ́ nọ́ńbà 48. Ẹni tí ó bá fi orúkọ Microsoft wọlé sínú Windows rẹ̀ sábà máa ń rí nọ́ńbà yìí lábẹ́ orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ wá tiyín lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí pé BIOS tuntun lè mú kí Windows béèrè fún un bí iṣẹ́ náà bá tilẹ̀ yọrí sí rere.

Lẹ́yìn èyí ni kí a wá wo láptọ́ọ̀pù náà. Kí a má ṣe kánjú. Ojú rẹ̀ lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì lè pa ara rẹ̀ kí ó tún tan ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́; àìnísùúrù ènìyàn náà a máa pa á gẹ́gẹ́ bí àìsí iná ṣe ń pa á. Bí ó bá dáni lójú pé ó ti dákú, kí a yọ ṣájà, kí a yọ bátìrì bí ó bá ṣe é yọ, kí a tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí a wá so ṣájà padà. Nígbà mìíràn ìwọ̀nyí nìkan ti tó.

Bí kò bá tó, ẹ má sọ̀rètí nù. Àwọn tí ó ṣe láptọ́ọ̀pù mọ̀ pé iná lè lọ, wọ́n sì fi ọ̀nà àbáyọ pamọ́ sínú púpọ̀ nínú wọn. Nínú ọ̀pọ̀ HP, ẹ̀dà BIOS kejì wà nínú rẹ̀. A ó pa á, a ó fi ṣájà sí i, a ó di bọ́tìnnì Windows àti lẹ́tà B mú pọ̀, a ó sì tẹ bọ́tìnnì iná fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́ta. A ó fi bọ́tìnnì iná sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní tú méjì ìyókù sílẹ̀ títí a ó fi gbọ́ dídún tàbí títí ojú yóò fi mọ́lẹ̀, èyí tí ó lè gba ìṣẹ́jú-àáyá 40. Bí B kò bá jẹ́, kí a gbìyànjú V. Nínú ọ̀pọ̀ Dell tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ọdún 2016, ọ̀nà ti yàtọ̀: a ó yọ ṣájà, a ó di Ctrl àti Esc mú, a ó wá ki ṣájà bọ̀ ọ́ láìtú wọn sílẹ̀, títí ojú ìgbàlà yóò fi yọ.

Bí ẹ̀dà inú rẹ̀ bá ti bàjẹ́, a ó nílò fláàṣì àti kọ̀ǹpútà mìíràn. Kí a lọ sí ojú-ewé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe láptọ́ọ̀pù náà gan-an, kí a mú BIOS tí ó bá nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ mu. Èyí tí ó jọ ọ́ kò tó. Fáìlì ti HP, bí a bá ṣí i lórí Windows, máa ń bi wá bóyá a fẹ́ ṣe fláàṣì ìgbàlà. Ti Dell ni a ó sọ orúkọ rẹ̀ di BIOS_IMG.rcv. FAT32 ni kí a fi ṣètò fláàṣì náà. Lórí láptọ́ọ̀pù ilé-ìwé wa, bọ́tìnnì nìkan kò ṣiṣẹ́. Ìgbà tí a ki fláàṣì bọ̀ ọ́ ni ojú rẹ̀ tó là, bátìrì tí a yá lọ́wọ́ alábàáṣiṣẹ́ wa kan ni a sì fi ṣe é, kí iná má baà tún dán wa wò.

Kì í ṣe àìsí iná nìkan ni ó máa ń nu wàláà yìí. Ní ọdún 1998, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Taiwan, Chen Ing-hau, kọ kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní CIH. Nígbà tí ó di ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1999, kòkòrò náà jí lórí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, ó ń da dísíìkì rú, ó sì ń kọ ìkọkúkọ sínú ṣíìpù BIOS níbi tí ó bá ti ráyè. Gúúsù Kòríà àti Tọ́kì wà lára ibi tí ó ti ṣọṣẹ́ jù. Ti ọdún 2017 kò tilẹ̀ ní èrò ibi nínú: ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn tí ó ṣe Ubuntu 17.10 dá a padà kúrò ní ojú-ewé wọn, nítorí pé ó mú kí BIOS àwọn láptọ́ọ̀pù kan, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Lenovo, má lè gba àyípadà mọ́. Oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n tó gbé èyí tí wọ́n ti tún ṣe jáde. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ fẹ́ràn láti máa dán gbogbo nǹkan wò lórí kọ̀ǹpútà bàbá yín, ẹ gbọ́ o.

Bí fláàṣì náà bá kọ̀, ó ku ọ̀nà kan, ọ̀nà oníṣẹ́ ọwọ́ sì ni. Ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì ní Ìkẹjà, lójú pópó Òtígbà àti àyíká rẹ̀, a lè rí àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré tí ń kọ̀wé sínú ṣíìpù. CH341A ni èyí tí ó wọ́pọ̀ jù. Wọn yóò tú bátìrì, wọn yóò fi ohun bí ìgámú-aṣọ gán ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ náà, wọn yóò sì kọ BIOS sínú rẹ̀ láìjẹ́ pé láptọ́ọ̀pù tan rárá. Iṣẹ́ yìí kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, owó rẹ̀ kò sì tó ti bọ́ọ̀dù tuntun. Kí a tó gbé láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ fún un, kí a bi í ní ìbéèrè méjì. Èkíní, ṣé yóò kọ́kọ́ ka ohun tí ó wà nínú ṣíìpù, lẹ́ẹ̀mejì kí ó sì bá ara mu, kí ó tó fọ̀ ọ́? Nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù náà, àti lọ́pọ̀ ìgbà kọ́kọ́rọ́ Windows rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n wà, ẹ̀dà tí ó kà yẹn ni a ti lè rí wọn padà. Èkejì, ṣé ṣíìpù náà ń lo iná 3.3 fóòtì ni tàbí 1.8? Àwọn mìíràn nínú láptọ́ọ̀pù tuntun ń lo 1.8, bí wọ́n bá sì fún un ní 3.3, ṣíìpù tí kò jóná tẹ́lẹ̀ yóò wá jóná ní tòótọ́. Bí ẹnjiníà bá rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè kejì yìí tí kò dáhùn, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.