Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọsibítù

“Ẹ ò ní wá dókítà tì láéláé.” Ọ̀rọ̀ tí àwọn ajẹ́ńtì fi ń ta ilé ìtòsí ọsibítù nìyẹn, ì báà jẹ́ ní àyíká UCH àti Yemẹtu n'Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó. Ó máa ń wọni létí, pàápàá bí òbí ẹni bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí rẹ̀ nìkan kówó sílẹ̀.

Kì í ṣe pé irọ́ ni. Abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí 2. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọpọlọ rẹ̀, oògùn tó ń tú u gbọ́dọ̀ wọ ara rẹ̀ kí wákàtí 4 àbọ̀ tó pé. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lè gba ẹ̀mí irú wọn. Ṣùgbọ́n ká sún mọ́ ọsibítù yàtọ̀ sí ká rí ìtọ́jú. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí a jọ gbé àdúgbò rí, ra ilé sẹ́yìn ọsibítù ńlá kan nítorí àìsàn ọkàn tó ń ṣe ọkọ rẹ̀. Lóru ọjọ́ tí bàbá náà dákú, kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbé e dé géètì. “Mọ́mì, kò sí bẹ́ẹ̀dì,” ni nọ́ọ̀sì wí. Òdìkejì ìlú ni wọ́n tún sáré gbé e lọ. Nígbà tí NARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń gba ìmọ̀ kún ìmọ̀ ní ọsibítù, sì daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ẹni tó ń gbé lójúkojú géètì ọsibítù ìjọba ò sàn ju ẹni tó ti oko wá lọ. Nítorí náà, ẹ wọlé lọ bèèrè: ṣé wọ́n ń gba pàjáwìrì lóru? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nípamọ́?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò jù ni ìhà ibi tí ilé náà bọ́ sí. Iwájú ọsibítù ni ajẹ́ńtì ń gbà mú èèyàn wọlé, lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo nǹkan mọ́ tónítóní. Ẹ rìn yí ògiri náà po. Ẹ wá jẹnẹrétọ̀ kàn, kẹ́ ẹ wo ibi tí páìpù èéfín rẹ̀ kọjú sí. Ẹ wá ibi tí wọ́n ń sun ìdọ̀tí. Bó bá jẹ́ kòtò dúdú lẹ rí, tí ike abẹ́rẹ́ àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ò jóná tán wà nínú rẹ̀, ẹ yẹra. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná tó ìwọ̀n 850 sí 1,100 lórí Celsius. Iná kòtò ò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀, ike tó ń jó nínú rẹ̀ a sì máa tú dioxin jáde, májèlé tó lè fa jẹjẹrẹ. Ẹ ro ti afẹ́fẹ́ náà mọ́ ọn. Láti àríwá-ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá nígbà ọyẹ́, láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn nígbà òjò. Ilé tẹ́ ẹ wò nínú oṣù Keje tí kò rùn rárá lè kún fún èéfín nínú oṣù Kìíní.

Kẹ́ ẹ tún padà lọ lóru, kẹ́ ẹ dúró lábẹ́ fèrèsé yàrá tẹ́ ẹ máa sùn. Ẹ ó gbọ́ áńbúláǹsì, ẹ ó sì gbọ́ igbe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọmọ rẹ̀ ti kú. Bí mọ́ṣúárì bá wà nítòsí, ẹ lọ láàárọ̀ Jímọ̀, kẹ́ ẹ wo bí àwọn tó wá gbé òkú ṣe ń dí ọ̀nà pa.

Bí wọ́n bá ní iná kì í lọ torí pé láìnì ọsibítù ni, ẹ bi àwọn ará àdúgbò. UCH fúnra rẹ̀, wọ́n já iná rẹ̀ nítorí gbèsè ní ìparí 2024, ó sì lé ní 100 ọjọ́ kí wọ́n tó dá a padà ní 2025.

Ẹ̀rù pé àìsàn á fo ògiri wọlé ò yẹ kó dá yín dúró. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní 2014, ara àwọn tó tọ́jú aláìsàn tàbí tó fara kàn án ló ràn mọ́. Omi kànga ni kẹ́ ẹ gbé lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá bí gọ́tà ọsibítù bá gba ẹ̀yìn ilé kọjá.

Ẹni tó fẹ́ fi ilé náà gbowó lè jèrè dáadáa: nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹbí aláìsàn ò ní wọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ lè sọ gbogbo èrè náà dòfo. Ọsibítù ìjọba sábà ní ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú, tí igbó ti bò, táwọn kan á gé tà. Ẹ gba ìwé sọ́fè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ilẹ̀ ìjọba ni. Bí ọsibítù náà bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General ti ìjọba àpapọ̀ náà. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sì béèrè ìfọwọ́sí gómìnà kí ẹni tó ní C of O (ìwé ẹ̀rí àṣẹ lórí ilẹ̀) tó lè gbé ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà tiyín, kì í ṣe ti ajẹ́ńtì, bá yín bójú tó o. Bí wọ́n bá ń kán yín lójú pé ẹlòmíràn ti fẹ́ sanwó, ẹ jẹ́ kó san án.